Níbi Tí Kámẹ́rà Ti Padà Sílé: Fíìmù Abebe Bikila àti Ìbéèrè Méjì Tí Ọmọ Àbúrò Mi Bi Mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé kí ló dé tí mo dákẹ́, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Fíìmù kan ló gba àkókò mi. Ẹ mọ̀ pé ìwé ni mo sábà máa ń gbé yẹ̀ wò níbí, àmọ́ ọ̀rọ̀ fíìmù yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti oṣù tó kọjá, mo sì rò pé ó yẹ kí a jọ sọ ọ́.

Fíìmù ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Ọdún 2009 ló jáde. Atletu lorúkọ rẹ̀ lédè Amharic, The Athlete lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ká sọ pé "Eléré Ìje" lédè tiwa. Davey Frankel àti Rasselas Lakew ni wọ́n jọ darí rẹ̀, Lakew yìí kan náà ló sì ṣe Abebe Bikila nínú rẹ̀. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Etiópíà fi ránṣẹ́ sí ìdíje Oscar. Ọmọ kan tó ti Abidjan wálé wá ṣọdún ló bá mi gbé e dání. Ẹ̀yin ará Èjìgbò ṣáà mọ̀ pé kò sí ohun tí kò lè ti Abidjan wá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo jókòó wò ó nílé mi níbí ní Ara. Ìgbà kejì, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí yàrá ọmọ àbúrò mi kan tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọdún 11. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ìgbà kejì yẹn ni mo ti rí i. Ká ní ti àkọ́kọ́ ni mo dúró lé, ìyìn lásán ni mi ò bá kọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ń gbọ́ rédíò láti ìgbà òmìnira mọ ẹni tí Abebe jẹ́. Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: sójà ni nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ó fi ẹsẹ̀ lásán sá eré marathon ti Olympics ní Róòmù, ó sì gba ipò kìíní ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16. Kò tíì sí ẹni tó sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má gbàgbé pé láti Róòmù yìí ni Mussolini ti rán àwọn ọmọ ogun lọ gba ilẹ̀ baba rẹ̀ ní 1935. Ọ̀wọ̀n òkúta Axum tí wọ́n kó lọ láti Etiópíà wà létí ọ̀nà tí wọ́n gbà sáré, ìtòsí ibẹ̀ gan-an ni Abebe ti fi Rhadi ọmọ Mòrókò sílẹ̀. Ó tún gba wúrà ní Tokyo ní 1964, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba marathon Olympics lẹ́ẹ̀mejì. Ní Mẹ́síkò ní 1968, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sì jáde láàárín ọ̀nà. Ọmọ ìlú rẹ̀, Mamo Wolde, ló gbà á lọ́dún náà.

Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1969, Volkswagen tí ọba fi ta á lọ́rẹ dojú dé nígbà tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ wá sí Addis Ababa. Inú ọkọ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa, ọwọ́ rọ, ẹsẹ̀ rọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lo bí oṣù mẹ́jọ níbẹ̀. Ọwọ́ padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ kò padà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ló kú, ẹni ọdún 41. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti ọjọ́ jàǹbá dé ọjọ́ ikú, ọdún mẹ́rin àti oṣù méje. Ẹ fi ìṣirò yẹn sọ́kàn, a máa padà sídìí ẹ̀.

Fíìmù yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti kékeré kó máa gorí ọdún lọ bí àkàbà. Abebe ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà oko, ó gbé àlùfáà kan sọ́kọ̀, ọkàn rẹ̀ ń lọ síwájú ó ń lọ sẹ́yìn. Bí ìrántí bá dé, fíìmù gidi tí wọ́n yà ní Róòmù àti Tokyo nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n á gbé síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni jàǹbá, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ, Onni Niskanen ọmọ Sweden tó jẹ́ olùkọ́ eré rẹ̀, títí dé eré orí yìnyín ní Norway.

Kí n kọ́kọ́ yìn ín, nítorí ìyìn tọ́ sí i.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá wa, bí ẹnì kan bá fi lè yarọ báyìí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ẹ tó mu omi inú ife yín tán. Ìyá ọkọ ni, tàbí orogún, tàbí ọ̀rẹ́ tó ń jowú níbi iṣẹ́. Wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, lọ́jọ́ kan á dìde dúró, aṣebi á jẹ́wọ́, orin á bẹ̀rẹ̀, ó parí. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi náà ti sunkún nídìí irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wa: ọ̀nà méjì péré ló ṣí sílẹ̀ fún arọ, kó rìn tàbí kó kú. Ẹni tí kò rìn, tí kò sì kú, tó kàn ń jí lárààárọ̀, kò sí fíìmù fún un.

Atletu kò wá aṣebi kankan. Ọkọ̀ dojú dé, òun náà nìyẹn. Abebe fúnra rẹ̀ sọ nígbà ayé rẹ̀ pé bí òun ṣe gba ìṣẹ́gun gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ náà lòun gba jàǹbá. Fíìmù náà bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Kò sì ṣe iṣẹ́ ìyanu: ẹsẹ̀ tó kú, ó kú. Lakew náà kò pariwo eré. Ojú rẹ̀ dákẹ́, bí ojú ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ìrora láti orí kìlómítà 30 lọ. Fún ohun méjì yìí, mo bá wọn yọ̀.

Ibi tí wàhálà mi wà rèé. Kò sí ìdí kankan tí a fi ní láti rí òṣèré kó tó dá wa lójú pé Abebe sáré. A ní i nílẹ̀. Kon Ichikawa, ọmọ Japan, ya fíìmù ńlá nípa Olympics ti Tokyo, ó sì dojú kámẹ́rà kọ Abebe fún ìgbà pípẹ́. A rí ojú rẹ̀, a rí òógùn rẹ̀. Kámẹ́rà gbogbo ayé tẹ̀ lé ẹsẹ̀ yẹn nígbà tó ń sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ kú, kámẹ́rà palẹ̀ mọ́, ó padà sílé. Mi ò tíì rí ẹni tó ya bí ó ṣe rí nígbà tó padà dé Addis Ababa, bí wọ́n ṣe gbé e wọ ilé, bí ọjọ́ Monday lásán ṣe rí fún un. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí eré ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí tí a fi ń ṣe eré nípa ẹni tó ti gbé ayé rí ni pé ó lè wọ yàrá tí oníròyìn kò wọ̀. Atletu dé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn, ó yọjú, ó sì padà.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i o. Ọmọ àbúrò mi ló fi hàn mí.

Ọmọ yìí gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, nọ́ńbà 7 ló máa ń wọ̀. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn èèyàn rere mẹ́rin tó wà nítòsí gbé e lápá, wọ́n gbé e lẹ́sẹ̀, wọ́n kì í sẹ́yìn takisí bí àpò gààrí. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. A ò mọ̀ nígbà náà pé ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá fara pa, gbígbé báyẹn lè ba ìwọ̀nba tó kù jẹ́. Pákó gbọọrọ ló yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ lé, kí orí àti ọrùn má mì. Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dùbúlẹ̀ lójú kan láìsí ẹni tó yí i padà. Egbò tó yọ ní ìdí rẹ̀ gba oṣù mẹ́jọ kó tó jinná. Ẹ rí i, oṣù mẹ́jọ, iye tí Abebe lò ní Stoke Mandeville láti kọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́.

A ń wo fíìmù lọ, a dé ibi ilé ìwòsàn. Abebe dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì funfun. Ni ọmọ yìí bá sọ pé, "Bàbá, ta ló ń yí i padà lóru?"

Mi ò tètè mọ ohun tó ń sọ. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbá ẹnu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dá a lóhùn, Bàbá. Ẹni tó ń yí tiẹ̀ ń bẹ níbí, ojú oorun ò tó o lára."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ìwé tí mo ti kà nípa fíìmù kò kọ́ mi ní ìbéèrè yẹn. Bẹ́ẹ̀, òun ni ìbéèrè Stoke Mandeville fúnra rẹ̀. Kí Dókítà Ludwig Guttmann, Júù tó sá kúrò ní Jámánì, tó dá ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1944, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá gé, òkú ni wọ́n kà á sí. Egbò ìdùbúlẹ̀ àti ìtọ̀ tí kò rọ́nà jáde ló sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an. Ohun tí Guttmann ṣe kò ní ìdán nínú: wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru, kí wọ́n yí aláìsàn padà, kí wọ́n tọ́jú ibi tí ìtọ̀ ń gbà kó mọ́. Ẹ̀yìn èyí ló tó fún wọn ní ọfà pé kí wọ́n máa ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1948, ọjọ́ tí Olympics bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn 16 ta ọfà lórí kẹ̀kẹ́ arọ nínú ọgbà ilé ìwòsàn rẹ̀. Ibẹ̀ ni Paralympics ti ṣẹ̀. Ní 1964, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí Abebe gba wúrà ní Tokyo, àwọn eléré orí kẹ̀kẹ́ arọ ṣe ìdíje tiwọn nínú ìlú Tokyo kan náà. Ẹ ò rí ayé?

Ẹni tó ń yíni lóru ni fíìmù nípa ìgbé ayé lẹ́yìn àrọ. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù ni àwòrán ọkùnrin kan tí inú rẹ̀ bàjẹ́, tí inú rẹ̀ tún wá dùn. Àwọn tí Atletu gbé ẹrù ìtàn lé lórí ni Abebe, olùkọ́ eré rẹ̀, àlùfáà inú ọkọ̀ àti nọ́ọ̀sì. Yewebdar ìyàwó rẹ̀, tó fẹ́ kó tó lọ sí Róòmù, tó bímọ mẹ́rin fún un, kò sí nínú àwọn tí wọ́n gbé ẹrù lé. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì kò tẹ̀ lé Abebe wọ ọkọ̀ òfuurufú bọ̀ wá sí Addis Ababa. Ta ló wá yí i padà fún ọdún mẹ́rin tó kù?

A wò ó dé ìparí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1971, wọ́n pe Abebe lọ sí ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara ní Norway bí àlejò, òun náà sì bọ́ sínú ìdíje. Ọmọ Etiópíà tí kò bá yìnyín dàgbà gba ipò kìíní nínú eré ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín. Ọmọ àbúrò mi pariwo bí ẹni pé Shooting Stars ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Inú èmi náà dùn, mi ò ní purọ́. Nígbà tó dákẹ́ tán, ó ní, "Bàbá, tí kò bá borí ńkọ́?"

Ẹ máa sọ pé, Prof, òótọ́ ni pé ó borí, fíìmù kò parọ́ mọ́ ọn. Mo gbà. Ẹ máa ní eléré ìje ni, ìdíje ló mọ̀, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Mo gbà ìyẹn náà. Ìdíje náà sì jẹ́ apá kan ìwòsàn rẹ̀, Guttmann á jẹ́rìí sí i. Àmọ́ olùdarí fíìmù ló ń yan ibi tí ìtàn máa parí sí. Bí a bá parí rẹ̀ síbi ìṣẹ́gun Norway, ohun tí a ń sọ ni pé Abebe padà di èèyàn nítorí ó tún gba ipò kìíní. Fíìmù tiwa ní kí arọ rìn ká tó kà á sí èèyàn. Tiwọn ní kó borí. Èwo ló sàn? Èkejì sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n owó bodè ṣì ni méjèèjì.

Àwa náà ń gba owó bodè yìí. Yakubu Adesokan gba wúrà gbígbé irin ní Paralympics Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, a patẹ́wọ́. Folashade Oluwafemiayo gba tirẹ̀ ní Tokyo ní 2021, ó tún gbà á ní Paris ní 2024, a tún patẹ́wọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ dé iwájú báńkì, àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ máa gbà. A ò patẹ́wọ́, a ò sì tún àtẹ̀gùn ṣe.

Ó yẹ kí ó le fún àwa ará agbègbè Èjìgbò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú Òrìṣà Ògìyán ni wá, Ògìyán sì bá Ọbàtálá tan. Àwọn baba wa ní ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ àbùkù ara, ẹni òrìṣà ni wọ́n pe amúkùn-ún, abuké àti àfín, èèwọ̀ ni kéèyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú rẹ̀: kò béèrè pé kí ẹni òrìṣà kọ́kọ́ borí ẹnikẹ́ni kó tó níyì. Àmọ́ ibì kan ṣófo nínú ọgbọ́n náà. Ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ ni ó bò. Ẹni tó rìn títí di ọdún 30, tí ọ̀kadà wá gbé ṣubú, a kì í pè é ní ẹni òrìṣà. "Kí ló ṣe?" là ń béèrè. "Ta ló ṣẹ̀?" Ọmọ àbúrò mi gbọ́ ìbéèrè méjèèjì títí tó fi ní kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn òun.

Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni ǹ bá fẹ́ rí, mi ò ní jìnnà lọ. Ǹ bá fẹ́ rí òwúrọ̀ kan nílé Abebe. Ǹ bá sì fẹ́ kó parí sí Munich ní 1972. Àlejò pàtàkì ni Abebe níbẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló jókòó sí, àwọn èrò dìde patẹ́wọ́ fún un. Frank Shorter ọmọ Amẹ́ríkà tó gba marathon gba wúrà rẹ̀ tán, ó sì lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn Abebe kò sáré, kò ta ọfà, kò borí ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ẹ mọ òwe wa tó ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́," tó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ìgbà gbogbo là ń fi òwe yìí sọ̀rọ̀ okùnfà nǹkan. Mo gbọ́ ọ lọ́tọ̀ nínú yàrá yẹn. Ẹrù tó wà lórí Abebe, wúrà méjì, òun ni kámẹ́rà ń wò. Ìsàlẹ̀ ni ọdún mẹ́rin àti oṣù méje náà wà.

Síbẹ̀, ẹ wá fíìmù náà, kí ẹ wò ó. Ó sàn ju ọ̀pọ̀ lọ, ìṣẹ́jú tó sì fi dákẹ́ pọ̀ ju èyí tó fi wàásù lọ. Bí ẹ bá ní ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé yín, ẹ bá a wò ó, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa bi yín. Ẹni tó bá sì mọ fíìmù Yorùbá kan tí arọ ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò rìn, tí kò kú, tí kò gba àmì-ẹ̀yẹ, tó kàn ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí owó iná, kó kọ̀wé sí mi. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ àbúrò mi pé èyí tí a máa wò tẹ̀ lé e nìyẹn.

Ó dìgbà kan ná.